Ẹnu Ló Kù

Iṣẹ́ ìjókòó ni mo ń ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ń fẹsẹ̀ rìn kiri kó tó jẹun. Èmi, mo kàn máa ń jókòó ni, kí n sì gbé ojú mi dání. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ló gbà mí, ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà: àwòrán yíyà, ère mímọ, aṣọ títẹ̀, àti bí èèyàn ṣe ń to lẹ́tà sára pátákó kó lè wu ojú. Wọ́n á gbé àga sí àárín yàrá ńlá kan tí fèrèsé rẹ̀ ga dé àjà, wọ́n á ní kí n jókòó, wọ́n á wá yí mi ká bí ẹni tó ń yáná. Wọ́n á máa wò mí, wọ́n á máa yà mí. Ní ọjọ́ ogbó mi! Nígbà tí mo wà ní ọmọge, tí ara ń dán, kò sẹ́ni tó wò mí tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi pàápàá, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, rédíò ló máa ń wò.

Bí mo ṣe débẹ̀ nìyí. Àbúrò mi obìnrin ló ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé lọ́jọ́ kan, mo sì gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Ni ọ̀gá olùkọ́ kan bá dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wò mí títí, mo rò pé ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ni mo tẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ojú yín yìí, ṣé ẹ lè fi yá wa?"

Mo ní, "Ojú mi? Bí mo bá fi ojú yá yín, kí ni màá fi ríran délé?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ya àwọn ọ̀dọ́ títí, gbogbo rẹ̀ ń dán bí abọ́ tuntun, òun ń wá ojú tí ayé ti kọ nǹkan sí. Mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa ń bọ́ aṣọ lára ẹni tí wọ́n ń yà nírú ibẹ̀ yẹn, nítorí náà mo tètè sọ ọ́: "Ọ̀gá, ẹ̀wù mi ò kúrò lọ́rùn mi o. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wẹ̀ mí lọ́jọ́ ikú." Ó ní ojú nìkan ti tó. Bí mo ṣe di Màmá Àga nìyẹn.

Ìjókòó kò nira. Ẹnu ló nira. Orin ni wọ́n fi bí mi. Ìwé tí mo kà kò kún ọwọ́, ṣùgbọ́n orin tí mo mọ̀, àpò kò lè gbà á. Bí mo bá ti jókòó jẹ́ẹ́, orin á kàn máa bọ̀. Àwọn ọmọ á pariwo, "Màmá! Ẹnu yín!" Ẹni tó ti ya ètè òkè, ètè ìsàlẹ̀ á ti sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gbìyànjú kí n máa fi imú kọ ọ́, wọ́n ní imú náà tún ń mì. Níkẹyìn, wọ́n jáwọ́. Wọ́n á ya iwájú orí, wọ́n á ya ojú, imú, etí, ọrùn, àní wọ́n á ya bọ́tìnnì ẹ̀wù mi, wọ́n á fi ẹnu sẹ́yìn. Tó bá wá ku ẹnu nìkan, ọ̀gá wọn á ní, "Ó yá, Màmá, ẹ bá wa pa á mọ́." Màá pa á mọ́, wọ́n á yára yà á kí orin mìíràn tó dé. Ó di òfin yàrá náà: ẹnu ló ń kẹ́yìn.

Mo tilẹ̀ fi wọ́n ṣe orin. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n á máa bá mi gbè é:

*Ẹ yà mí, ẹ má ya mí o,*
*awọ arúgbó kì í ṣe bébà.*
*Bébà ya, a ó ra òmíràn;*
*èmi ya, ta ni yóò rán mi?*

Ọ̀gá wọn yìí, Ẹ-wò-ó ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó máa ń wí látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Á dúró lẹ́yìn ọmọ kan, á na ìka: "Ẹ wò ó! Ẹ má rò ó, ẹ wò ó! Ohun tí ojú rí ni kí ọwọ́ yà, kì í ṣe ohun tí orí rò." Èèyàn dáadáa ni. Bí ó bá ti wí i tán, á wá bi mí bóyá ẹ̀yìn ń dùn mí.

Nínú àwọn ọmọ náà, ọmọbìnrin kan wà tí à ń pè ní Eléèédú, nítorí èédú tó fi ń yàwòrán kì í kúrò lára rẹ̀. Á wà ní ìka, á wà ní etí, á wà ní ṣóńṣó imú. Ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ tóbi, ẹ̀rín rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Àìsàn kan bá a wáyé, tó máa ń fọ́ ọ léegun. Bó bá dé, á gbé e dùbúlẹ̀. Bó bá lọ, á dìde, á gbọn ara nù, á tún mú èédú.

Ẹni tó máa ń jókòó tì í ni ọmọkùnrin gíga kan tí à ń pè ní Rọ́bà. Èyí kò lè ya ìlà kan kó má pa méjì rẹ́. Tí kíláàsì bá parí, bébà rẹ̀ á ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, kò sì ní sí nǹkan lórí rẹ̀.

Eléèédú á ní, "Rọ́bà, bébà yẹn ti fẹ́ lu o. Ṣé òdìkejì lo fẹ́ rí ni?"

Òun náà á dáhùn, "Lọ bọ́jú ná. O dà bí ìdí ìkòkò."

"Ìdí ìkòkò ló ń jìyà, òun náà ló ń se nǹkan jinná. Ìwọ, kí lo ti sè?"

Ọmọkùnrin náà á bojú wolẹ̀, á tún máa pa á rẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi tí mo wà lórí àga, tí wọn kò jẹ́ kí n yí ọrùn, gbogbo ohun tó ń lọ ni mo ń rí.

Nígbà tí ó di ọdún tí wọ́n máa jáde, Ẹ-wò-ó ní kí kálukú lọ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Wọ́n á pàtẹ rẹ̀, àwọn olùkọ́ á ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn òbí náà á wá wò ó. Eléèédú ní ìyá òun ni òun máa yà.

Ìyá náà kò sí mọ́. Ọjọ́ tó bí i ló lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, èyí tí bàbá gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń tún aago ọwọ́ ṣe. Òrùlé jò, omi bá a lára ògiri, ó sì fọ ojú ìyá náà kúrò. Eléèédú fi fọ́tò ọ̀hún hàn mí. Aṣọ wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, ọwọ́ tó di àpò mú wà níbẹ̀. Láti ọrùn lọ sókè, funfun gbòò.

Ó ní, "Màmá Àga, bàbá mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ti ń gbàgbé. Ó ní tí òun bá dijú kí òun lè rí ìyá mi, èmi ni òun ń rí. Mo fẹ́ bá a wá a rí kó tó sọnù pátápátá. Èmi náà, mo fẹ́ mọ ẹni tó bí mi."

Ẹ rí i, ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ: kí bàbá rẹ̀ rí ojú ìyàwó rẹ̀, kí òun náà rí i.

Bàbá ọ̀hún gan-an ló fà mí wọ̀ ọ́. Ó wá gbé oògùn fún ọmọ rẹ̀, a pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dúró sójú kan. Ó ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má bínú. Àgbọ̀n yín yìí, ìyàwó mi ló ni ín."

Mo ní, "Bàbá Aago, wọ́n ti yá ojú mi. Ẹ̀yin náà tún fẹ́ gba àgbọ̀n?"

Kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé omi ti lé ròrò lójú rẹ̀, mo sì gbé àwàdà mi mì.

Láti ọjọ́ náà, tí àwọn yòókù bá ti lọ, màá jókòó fún Eléèédú. Ó na bébà tó ga bí ilẹ̀kùn mọ́ pátákó. Àgbọ̀n, ó mú un lára mi. Iwájú orí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún un. Ojú, bàbá ló ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Rọ́bà á wà ní kọ̀rọ̀, á máa díbọ́n pé òun ń ṣe tòun. Ẹ̀yin ará, ojú kan ti ń yọ lórí bébà yẹn! Bí ẹni tó ń bọ̀ láti òpópónà tí kùrukùru bò, tí o kò tíì mọ̀ ọ́n, àmọ́ tí o mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀. Ẹnu nìkan ni kò tíì sí níbẹ̀. Òfin ni òfin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Ẹ-wò-ó wọlé. Ó kàwọ́ sẹ́yìn, ó wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ dáa. Àmọ́ ò ń rò ó ni, o ò wò ó. Ohun tí èèyàn ò rí, kò lè yà á."

Eléèédú kò yí ọrùn. Ó ní, "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé mo lè rí i, kí ni mo fẹ́ máa yà á fún?"

Ọkùnrin náà jáde wọ́ọ́rọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú, kí n má parọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọmọ lára. Láti ìgbà náà, bó bá ti ya nǹkan, á sún sẹ́yìn, á mi orí. "Kì í ṣe òun. Màmá, kì í ṣe òun." Àìsàn rẹ̀ náà sì ti ń yọ́ bọ̀, mo ń rí i lára bó ṣe ń fi èjìká ti pátákó. Bí mo bá sọ pé kó lọ sinmi, á ní ìsinmi pọ̀ níwájú.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ó ju èédú sílẹ̀, ó di orí bébà mú, ó sì fà á. Ó ya *fàààà*, títí dé òkè iwájú orí ìyá náà. Rọ́bà fò dìde, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi mí sílẹ̀ kí n ya á! Irọ́ ni. Gbogbo rẹ̀, irọ́ ni. Èmi ni mo jókòó síbí tí mo ń dá ìyá rò!"

"Má ya á. Dákun, má ya á."

Ìbínú ò kúkú mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó ká kò bí aṣọ tó jábọ́ lórí okùn. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ sì bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú aago, ó ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn. Kò rántí bọ́ ọ.

Bébà náà wà lára pátákó bí a ṣe fi í sílẹ̀, pẹ̀lú yíya rẹ̀ lórí. Nígbà tí ara tu ọmọ náà díẹ̀, ó mú fóònù, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí Rọ́bà. Mo rí i lẹ́yìn náà pẹ̀lú ojú ara mi, bí mo ṣe rí i náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí: *Jowo ba mi ya a tan ki won to de. Ma je ki won ba a bee.*

Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ orí fóònù?

Ọjọ́ tí mo padà dé yàrá náà, Rọ́bà ni mo bá nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti pátákó. Pátákó ṣófo. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgùnpá, ojú rẹ̀ náà dúdú, omijé sì ti la ojú ọ̀nà méjì sí i.

Mo ní, "Ìyá dà?"

Ó ní, "Ó ní kí n bá òun ya á tán. Àbúrò yín ti kó o lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí."

Ó bà mí nínú jẹ́, àmọ́ kí ni mo fẹ́ wí? Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ kí òun ya á. Mo ní, "Kó o rọra. Ẹni tó ni nǹkan ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀." A jọ gba ilé ìwòsàn lọ.

Eléèédú jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, kò sí èédú kankan lára rẹ̀, mi ò fẹ́ràn bí ó ṣe mọ́ tó. Ó na ọwọ́ sí Rọ́bà.

Ó ní, "Ṣé o ti yà á tán?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀. *Yà á.* Kì í ṣe *ya á*. Èmi gbọ́ ọ. Mo wo Rọ́bà, òun náà ti gbọ́ ọ. Gbogbo ara rẹ̀ dúró bí ère tí wọ́n gbàgbé síta.

Ó ní, "Mo ya á tán." Kò lè pa irọ́. Bí ó ṣe ṣe é ló ṣe sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà tẹ́tí sí i, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ Rọ́bà tó dúdú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, irú ẹ̀rín tó ń dunni nígbà tí ìhà bá ń rora. Ó di ìhà mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Àmì ohùn! Ye! Tíṣà wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá nítorí àmì ohùn. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jẹ wá níyà. Mo ní kí ló máa ń ṣe bàbá yìí?"

Rọ́bà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Dìde. Èmi ni mo kọ̀wé láìfi àmì sí i, mo sì ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya á. Àbí? Gbogbo ohun tí o ti ń pa rẹ́ láti ọjọ́ yìí, ìyá mi ló wá kàn." Ó nu ojú. Ẹ̀rín náà ti tán. "Ó ti ń jọ ọ́, Rọ́bà. Mo dùbúlẹ̀ síbí, mo sì mọ̀ pé ó ti ń jọ ọ́. Bàbá mi kò tíì rí i."

Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó ti kẹ̀kẹ́ oògùn. Eléèédú wo fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Lọ gbé bébà wá. Gbé èédú. Èmi á máa sọ, ìwọ á máa yà."

"Mi ò rí i rí."

"Èmi náà ò rí i rí. Màmá Àga, ẹ jókòó."

Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́, tí wọ́n bá ti gba àlejò wọlé, màá jókòó sórí àga oníke ilé ìwòsàn, Rọ́bà á gbé pátákó sórí itan. Nọ́ọ̀sì náà bínú lákọ̀ọ́kọ́. "Ibí kì í ṣe ilé-ìwé o! Bí èédú bá kan aṣọ funfun mi, ẹ̀yin lẹ máa fọ̀ ọ́." Eléèédú ní, "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí." Ó sì mú kí Rọ́bà kó gbogbo rọ́bà tó wà nínú àpò rẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì, àti ńlá àti kékeré. Nọ́ọ̀sì kó wọn sínú abọ́ tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí, ó ń rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Rọ́bà ń ya ìlà tí kò lè pa rẹ́. Òógùn bò ó bí ẹni tó ń ru ẹrù.

"Iwájú orí, gbé e sókè díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ó ga. Má bẹ̀rù, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Imú, wo ti Màmá, àmọ́ kó má gbòòrò tó o."

Mo ní, "Kí ló ṣe imú mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ó kàn ń jayé ni."

Bàbá Aago á wá nírọ̀lẹ́, á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ní wọlé títí a ó fi bo bébà. Ọmọ rẹ̀ ní kó má rí i títí yóò fi pé. Ó gbà. Ó máa ń tún aago ilé ìwòsàn ṣe níbi tó bá dúró sí, kó má bàa máa wo ojú àwọn èèyàn.

Nǹkan kan wà tí mo rí, tí mi ò sọ. Rọ́bà ń wo àgbọ̀n mi bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ojú, tó kan ìpéǹpéjú, tó kan bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe wọnú díẹ̀, ọ̀dọ̀ mi kọ́ ló ń wò mọ́. Bẹ́ẹ̀dì ló ń wò.

Ohùn Eléèédú ń dín kù lójoojúmọ́. Á sọ̀rọ̀, á sinmi, á tún sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ìka nìkan ló fi ń júwe, Rọ́bà sì ń gbọ́ ìka náà bí ẹni gbọ́ èdè. Ìrọ̀lẹ́ tó wá ku ẹnu nìkan, mo ṣe bí òfin wa: mo tún ara mi ṣe lórí àga, mo pa ẹnu mọ́.

Ó mi orí. "Rárá, Màmá. Ẹ kọrin."

Mo ní, "Ẹnu ló kù, ọmọ mi. Jẹ́ kó yà á kí bàbá rẹ wá wò ó."

"Ẹ kọrin ná. Ẹnu á di ọ̀la."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kọrin. *Ẹ yà mí, ẹ má ya mí o.* Ó ń bá mi gbè é, ètè nìkan ló ń mì. Nígbà tí mo dé *ta ni yóò rán mi*, ó ti sùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọwọ́ Rọ́bà, èédú sì ti ràn án. Inú mi dùn láti rí èédú yẹn lára rẹ̀. Mo rò pé ara rẹ̀ ti ń padà.

Ọ̀la tí a wí kò bá a. Ọmọ náà lọ, bí ìyá rẹ̀ ti lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n pàtẹ. Iṣẹ́ àwọn ọmọ kún ògiri: aṣọ, ère, àga onírúurú tí èèyàn kò lè jókòó lé. Rọ́bà kò ní iṣẹ́ kankan mìíràn. Ojú yẹn ló gbé kọ́, ó sì kọ orúkọ ọmọbìnrin náà sí ìsàlẹ̀, àti tirẹ̀ ní kékeré. Ojú, imú, àgbọ̀n mi, ọrùn. Níbi tó yẹ kí ẹnu wà, bébà funfun.

Ẹ-wò-ó dúró tì í. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Yà á tán."

Mo rí bí ọmọkùnrin náà ṣe gbọ̀n nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó mú èédú, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dé ibi ẹnu náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò rí i. Ẹ̀yin lẹ ní ohun tí èèyàn ò rí, kò lè yà á."

Ẹ-wò-ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Kò yọ ọwọ́ náà.

Bàbá Aago dé. Ó ṣí fìlà, ó rìn lọ síwájú ògiri, ó sì gbé gíláàsì aago rẹ̀ sójú kan, bí ìṣe rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó wo iwájú orí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ó wo ìpéǹpéjú. "Òun ni," ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Òun ni. Ìyá ọmọ mi nìyí." Ó wá yọ gíláàsì, ó sún sẹ́yìn kó lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orí rẹ̀ ń mì.

"Rárá. Ọmọ mi ni." Ó yíjú sí Rọ́bà. "Èwo nínú wọn lẹ yà?"

"Bàbá, mi ò mọ̀ mọ́."

"Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

Èmi ni mo sọ fún un. Mo ní ọmọ rẹ̀ ló ní kí ẹnu di ọ̀la. Rọ́bà ní bí Bàbá bá lè sọ bí ẹnu ìyàwó wọn ṣe rí, òun á gbìyànjú rẹ̀.

Ọkùnrin náà ronú. Ó na ọwọ́ sí bébà funfun yẹn, kò tẹ̀ ẹ́, ó kàn fi ìka sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu bá wà níbẹ̀, màá máa retí kó dá mi lóhùn."

Ìgbà tí ìpàtẹ parí, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo máa ń yà níbẹ̀ kí i. Ó ti tún òrùlé ṣe.

Àwọn ọmọ tuntun ti dé báyìí, ojú wọn ń dán, bébà wọn mọ́. Wọ́n ti gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé Màmá Àga máa ń kọrin. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Màmá, ẹ dá orin kan fún wa ká tó bẹ̀rẹ̀!" Orin kúkú wà lẹ́nu mi, ó ń gún mi bí ẹyin tó fẹ́ pa. Mo jókòó, mo tún ẹ̀wù ṣe, mo sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Ẹ ti ẹnu bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ-wò-ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ ṣe bí Màmá ṣe wí. Ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ yà."

Mo pa á mọ́ pinpin. Mi ò fi imú kọ ọ́, mi ò fi ọ̀fun kọ ọ́. Yàrá náà dákẹ́, èédú nìkan ló ń ha bébà. Mo ń wò wọ́n títí ọmọ tó kẹ́yìn fi gbé ọwọ́ kúrò, tó sọ pé, "Màmá, mo ti yà á tán."

Ìgbà náà ni mo tó yanu.